Ta Ló Ni Nọ́ọ̀sì Abíṣọ́lá?

Tẹlifíṣàn kì í dá sọ̀rọ̀ ní Ìpọ̀nrí. Ní ìsọ̀ onídìrí tó wà nítòsí ọjà, ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, nínú pálọ̀ àwọn ilé alájà tó wà ní ẹ́síteètì, bí ẹ̀dá ìtàn kan bá ti gbé ẹsẹ̀ tí kò yẹ, àwọn òǹwòran ti dá a lóhùn. "Má wọlé yẹn o!" "Ìyálé ti rí ẹ!" "Dókítà wo lèyí? Kò mọ nǹkan kan!" Onídìrí lè dá ọwọ́ dúró, kó na òòyà sí ojú tẹlifíṣàn bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ wí. Oníbàárà tó jókòó síwájú rẹ̀ kò ní bínú, torí òun náà ń bá wọn jà lọ́wọ́.

Ó bá àdúgbò náà mu. Súrùlérè tí Ìpọ̀nrí wà nínú rẹ̀ ní Èkó ni ọ̀pọ̀ òṣèré àti agbéréjáde fi ṣe ibùdó nígbà tí iṣẹ́ fíìmù fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Òtẹ́ẹ̀lì Winis wà lára ibi tí wọ́n ti máa ń pàdé. Tíátà ńlá tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Ìgánmú ṣáájú àjọ̀dún àṣà FESTAC ọdún 1977 kò jìnnà síbẹ̀. Ìdí-Àràbà, níbi tí LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, wà, kò jìnnà bákan náà. Ẹni tó ń gbé Ìpọ̀nrí wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń ṣeré àti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn. Bí eré kan bá wá gbé ilé ìwòsàn sójú tẹlifíṣàn, ó yẹ kó lè fi ojú méjèèjì wò ó.

Eré kan wà tó fi hàn bóyá ojú méjèèjì náà là lóòótọ́. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, Bob Hearts Abishola ni wọ́n pè é. Ilé iṣẹ́ CBS bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2024, lẹ́yìn ọ̀wọ́ márùn-ún. Eré apanilẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n inú ilé ìwòsàn ló ti ṣẹ̀. Bob, òyìnbó kan tó ni ilé iṣẹ́ sọ́ọ̀kì ní ìlú Detroit, ni àrùn ọkàn dá dùbúlẹ̀. Ìgbà tó máa lajú, nọ́ọ̀sì tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, aláìgbagbẹ̀rẹ́, ẹni tí ẹ̀rín kì í yá lára, Abíṣọ́lá lórúkọ rẹ̀. Bob gba ilé lọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a lọ. Ó di sọ́ọ̀kì dání, ó wá nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Folake Olowofoyeku ló ṣe Abíṣọ́lá, Billy Gardell ló ṣe Bob.

Àwọn òǹwòran kò dúró de apá àkọ́kọ́. Fọ́nrán kékeré tí CBS fi polówó eré náà ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà nílé àti lókè òkun. Inú àwọn kan dùn pé orúkọ Yorùbá wà lára orúkọ eré tí ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbé jáde. Àwọn mìíràn fajú ro. Kí ló dé tó fi jẹ́ òyìnbó ni nọ́ọ̀sì wa máa fẹ́? Ṣé wọ́n tún fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Àti pé, ahọ́n ta nìyí? Wọn kò tíì gbọ́ gbólóhùn mẹ́wàá lẹ́nu Abíṣọ́lá tí wọ́n fi ń wọn ohùn rẹ̀ bóyá ó pé.

Gina Yashere ló forí fá ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Apanilẹ́rìn-ín ni, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn òǹkọ̀wé tó ń bá agbéréjáde Chuck Lorre ṣiṣẹ́ ti rí òun, nígbà tí wọ́n ń wá obìnrin apanilẹ́rìn-ín kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ìmọ̀ràn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó wá fún àwọn. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, ó sì tún wọ inú rẹ̀ bí Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ Abíṣọ́lá tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

Ní ti ahọ́n, wọ́n gbìyànjú ju bí àwọn abínúkú ṣe rò lọ. Èkó ni wọ́n bí Folake Olowofoyeku sí. Bàbá rẹ̀, Babatunji Olowofoyeku, jẹ́ agbẹjọ́rò tó di alákòóso ètò ìdájọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́. Bayo Akinfemi, tó ṣe Goodwin, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Bob, tún ni ẹni tó ń kọ́ àwọn tó kù ní Yorùbá tí wọ́n fẹ́ sọ. Àwọn tó ṣeré náà jẹ́ kí Yorùbá máa jáde láàárín ẹbí, wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ fún òyìnbó tí kò gbọ́. Ìlù àti ohùn Ṣọlá Akíngbọlá, ọmọ Yorùbá tó ń bá ẹgbẹ́ olórin Jamiroquai lulù ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ni wọ́n fi ń ṣí eré náà. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ní Houston, tó gbọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀ lórí CBS lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó máa pe ẹlòmíì wá sí pálọ̀.

Síbẹ̀ etí Yorùbá kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Barry Shabaka Henley, tó ṣe Bọ̀dá Túndé, ọkọ Àǹtí Olú tó jẹ́ àǹtí Abíṣọ́lá, ọmọ Amẹ́ríkà ni; bí ó bá gbé àmì òkè sórí ibi tó yẹ kí ohùn ti wálẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ìgboro. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọkùnrin náà gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Súrùlérè kò lè sọ Yorùbá tó ìwọ̀nba tí ó sọ, àwọn òbí wọn ló sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí ariwo ahọ́n rọlẹ̀, ìtàn náà wá di ti gbogbo ayé. Abíṣọ́lá ní ọkọ tẹ́lẹ̀, Táyọ̀, tó padà sí Nàìjíríà, tó fi ìyàwó rẹ̀ àti Délé ọmọ wọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní kó dúró dè é. Àwọn mìíràn bú Táyọ̀ débi pé ẹni tí kò wo eré náà lè rò pé aládùúgbò wọn ni. Àǹtí Olú mú Chukwuemeka wá, apòògùn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó mọ ìwà í hù sí àgbà. Bob dé pẹ̀lú ikùn ńlá rẹ̀, ìyá rẹ̀ tó fẹ́ràn ẹnu, àti ọkàn tí kò lera tó. Ta ni kó fẹ́? Bí ẹbí ìyàwó ṣe ń jókòó níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni àwọn òǹwòran ṣe jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n wádìí owó ọkọ, wọ́n wádìí ìyá ọkọ, wọ́n wádìí ìlera ọkọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n béèrè kẹ́yìn.

Ti Délé tún pín ilé sí méjì. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó di dókítà. Ijó ló wu ọmọ. Nínú pálọ̀ kan náà, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn Délé, àwọn ìyá wà lẹ́yìn Abíṣọ́lá, gbogbo wọn sì mọ̀ pé kì í ṣe Délé nìkan ni wọ́n ń sọ. Ìjà mìíràn kò ti inú ìtàn wá. Ṣáájú ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn, CBS gé owó tí wọ́n ń ná sórí eré náà. Nínú òṣèré mẹ́tàlá tí ó jẹ́ òpómúléró, Bob àti Abíṣọ́lá nìkan ló kù ní gbogbo ìgbà, àwọn mọ́kànlá di ẹni tí à ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dun àwọn òǹwòran ju ìtàn inú rẹ̀ lọ. Kí ni Abíṣọ́lá fẹ́ ṣe nínú ilé tí Àǹtí Olú kò sí?

Kì í ṣe òní ni Nàìjíríà ti ń gba ẹ̀dá ìtàn bí ẹni gba ọmọ. Nígbà tí The Village Headmaster gorí tẹlifíṣàn ní ọdún 1968, Ibidun Allison ṣe obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í dúró sí nínú. Amebo ni orúkọ rẹ̀ nínú eré. Eré náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní ni ọmọ tí kò wò ó rí ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní amebo.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bob. Aláìsàn rí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó wá a wá, ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní Amẹ́ríkà àti lọ́dọ̀ wa níbí, kò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì àti aláìsàn rẹ̀ bọ́ sínú ìfẹ́, nítorí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì àti ẹni tó mú abẹ́rẹ́ dání kì í ṣe ẹgbẹ́. Orí èyí gan-an ni gbogbo ìtàn náà dúró lé. Mélòó nínú àwọn tó ń ka àṣìṣe ohùn sí Bọ̀dá Túndé lọ́rùn ló béèrè rẹ̀? Ohun tó jẹ́ ti ilé wa ni etí wa mọ̀, ohun tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn, a fi í lé dókítà lọ́wọ́, kódà bí dókítà náà bá jẹ́ òṣèré.

Àwọn òyìnbó náà ṣe bẹ́ẹ̀, tiwọn tilẹ̀ ju tiwa lọ. Láàárín ọdún 1969 sí 1976, Robert Young ṣe dókítà onínúure kan nínú eré Marcus Welby, M.D. Láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, lẹ́tà bí 250,000 ni wọ́n kọ sí i, púpọ̀ nínú wọn láti béèrè ìmọ̀ràn nípa àìsàn. Òṣèré ni Young. Kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn rí.

Ìyẹn lè pani lẹ́rìn-ín. Èyí tó tẹ̀ lé e kò pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1996, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan tó lókìkí ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ àwọn dókítà mẹ́ta jáde. Wọ́n ti jókòó wo apá 97 nínú eré ER, Chicago Hope àti Rescue 911, wọ́n ń ṣọ́ ibi tí wọ́n bá ti tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, kí ọkàn náà lè padà máa lù. Lójú tẹlifíṣàn, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló jí padà lójú ẹsẹ̀, ìdá 67 sì jáde láàyè kúrò nílé ìwòsàn. Lóde ayé, bí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀ níta ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì ti ń sáré dé, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń yè é. Ẹbí tó bá fi ọ̀wọ́ mẹ́wàá wo ìṣẹ́gun lórí tẹlifíṣàn, tí dókítà wá jáde wá sọ pé bàbá ti lọ, ó rọrùn kó rò pé dókítà náà ni kò ṣe tó.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà yìí lè ṣe rere. Ní ọdún 2008, àjọ Kaiser Family Foundation bá àwọn òǹkọ̀wé eré Grey's Anatomy sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ìtàn aboyún kan tó ní kòkòrò HIV sínú apá kan. Dókítà inú eré sọ fún un pé bí ó bá gba ìtọ́jú tó yẹ, ó ṣeé ṣe dáadáa kó bí ọmọ tí kò ní kòkòrò náà lára. Kí wọ́n tó gbé e jáde, ìdá 15 péré nínú ọgọ́rùn-ún òǹwòran ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 61. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó wálẹ̀ sí 45, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ ṣì ni.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti inú eré tí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn tààrà. MTV Shuga bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2009, ó sì kó wá sí Nàìjíríà fún ọ̀wọ́ kẹta. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ìfẹ́, ọtí, àti HIV ló dá lé. Abhijit Banerjee, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní ọdún 2019, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ méjì, Eliana La Ferrara àti Victor Orozco, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní àwọn ìlú ńlá ní Nàìjíríà. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan wo Shuga, wọ́n fún àwọn mìíràn ní eré tó yàtọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, àwọn tó wo Shuga lọ ṣàyẹ̀wò HIV ní ìlọ́po méjì àwọn tí kò wò ó.

Ta ni eré náà ràn lọ́wọ́ jù? Àwọn tó rì sínú ìtàn náà ni, àwọn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá inú rẹ̀ wọ̀ wọ́n lára. Nínú iṣẹ́ mìíràn lórí ìwádìí kan náà, wọ́n rí i pé èrò àwọn ọkùnrin tó wo eré náà nípa nína ìyàwó yí padà sí rere, pàápàá àwọn tó ṣì rántí tọkọtaya kan nínú eré tí ọkọ ń lu ìyàwó rẹ̀. Ìkìlọ̀ lásán kò lè ṣe èyí. Onídìrí tó ń bá tẹlifíṣàn wí ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ń ṣàpèjúwe láìmọ̀: ẹni tó ń jà pẹ̀lú ẹ̀dá ìtàn ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ń wọlé sí lára.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn agbéréjáde tiwa. Ẹ̀fẹ̀ lórí ilé ìwòsàn kò wọ́n wa, Paul Igwe tilẹ̀ fi eré tẹlifíṣàn Clinic Matters pa wá lẹ́rìn-ín ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ẹni tó bá ti wo fíìmù wa tó mẹ́wàá mọ ilé ìwòsàn inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kán, orí ni wọ́n di báńdéèjì mọ́. Dírípù wà lọ́wọ́, séló tẹ́èpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Dókítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní àwọn ti sa ipá àwọn. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré ní àgbàlá. Kò sí ewu nínú ìyẹn.

Ewu wà nínú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi rẹ́rìn-ín. Dókítà pe ìyá ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Mama, àyẹ̀wò fi hàn pé ìyàwó yín kò lè bímọ mọ́." Aláìsàn gan-an kò tíì gbọ́! Tàbí kí ó ka èsì HIV sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹbí. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní ìpín 26, sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn jẹ́ àṣírí, àyàfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin dá sọ́tọ̀. Nínú fíìmù, ìran náà kọjá bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó na òòyà. Obìnrin tó ti wò ó léraléra lè wá rò pé ẹ̀tọ́ ìyá ọkọ òun ni láti mọ̀ ṣáájú òun. Ẹni tó bá sì rò pé gbogbo ẹbí ló máa gbọ́ èsì, ṣé ó máa lọ ṣàyẹ̀wò?

A lè ṣe é dáadáa. Steve Gukas fi hàn bẹ́ẹ̀ nínú 93 Days, fíìmù ọdún 2016 lórí bí Ebola ṣe wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 àti bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn First Consultants ní Obaléǹdé ṣe dá a dúró. Bimbo Akintola ló ṣe Dókítà Stella Adadevoh, tí àrùn náà pa ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún náà. Ogún ènìyàn ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Àwọn òǹwòran Èkó mọ ìparí ìtàn náà kí wọ́n tó wọ sinimá, púpọ̀ nínú wọn rántí omi iyọ̀ tí wọ́n fi wẹ̀ nígbà náà torí àhesọ pé ó ń dènà Ebola. Kò sí idán nínú fíìmù yẹn. Aṣọ ìdáàbòbò ń mú wọn láàgùn, ẹ̀rù ń ba nọ́ọ̀sì, àwọn kan yè é, àwọn kan kò yè é.

Fíìmù wákàtí méjì ni ìyẹn. Eré tí yóò máa wọ pálọ̀ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a ó fi mọ nọ́ọ̀sì inú rẹ̀ bí a ṣe mọ Àǹtí Olú, tí ilé ìwòsàn rẹ̀ yóò sì jọ èyí tí a ń tò sí lówùúrọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, a kò tíì rí i. Kì í ṣe àìsí ẹni tó lè ṣe é. Jemima Osunde, tó di ìlúmọ̀ọ́ká nínú MTV Shuga, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eegun àti iṣan ara ló kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Àwọn òǹkọ̀wé wà ní Súrùlérè. Àwọn òǹwòran ti jókòó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù sí agbéréjáde tó bá fẹ́ dáwọ́ lé e. CBS gba ẹni tó mọ Yorùbá síbi iṣẹ́ wọn kí Bọ̀dá Túndé má baà gbé ohùn gba ibi tí kò yẹ. Kí ìwọ náà lọ sí Ìdí-Àràbà, kí o wá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kí o san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kí o fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, kí o sì dúró nígbà tó bá ní kí ẹ tún ìran yẹn yà.